Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Lọ́wọ́ Àwọn Tí Wọn Ò Kà Mọ́ Ènìyàn

Òwe kan wà tí Yorùbá máa ń pa: ibi ò ju ibi, bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Òwe náà jáde lẹ́nu àwọn baálé tó ní ẹrú nílé, ìyẹn ò sì ní kí wọ́n tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1789, àwọn aṣojú ará ìlú tó jókòó ní Versailles, nílẹ̀ Faransé, fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n pè ní Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn àti ti Ọmọ Ìlú. Abala kìn-ín-ní rẹ̀ kò jìnnà sí òwe yẹn: gbogbo ènìyàn la bí sínú òmìnira, ẹ̀tọ́ wọn sì dọ́gba. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, àwọn ẹrú tó wà lábẹ́ Faransé ní Saint-Domingue nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500,000, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó sùn lómìnira lálẹ́ ọjọ́ náà. Síbẹ̀ kò pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Saint-Domingue fi di Haítì, orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ sọ pé ẹrú ò ní sí níbẹ̀ mọ́ títí láé. Àwọn òpìtàn kan ní ọ̀rọ̀ àwọn amòye Paris ló bí Haítì. Àwọn mìíràn ní àdá àti iná ló bí i, pé ọ̀rọ̀ ìwé ò dá sí i rárá. Ní tèmi, ìyà ló dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ló sọ ọ̀tẹ̀ náà di ìyípadà ayé, kò sì rí i ṣe àfìgbà tí àwọn tí wọn ò kọ ọ́ fún já a gbà lọ́wọ́ àwọn tó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn amòye tó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ náà. John Locke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàlàyé pé ìjọba tó bá ń fi ẹ̀mí, òmìnira àti ohun ìní ará ìlú ṣeré, ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ ọ́ nípò. Ọkùnrin yìí kan náà fi owó rẹ̀ sínú Royal African Company, ilé iṣẹ́ tó ń ra ènìyàn létí òkun Áfíríkà, ó sì lọ́wọ́ nínú òfin tí wọ́n ṣe fún Carolina lọ́dún 1669, èyí tó fún olówó ẹrú ní àṣẹ pátápátá lórí ẹrú rẹ̀. Montesquieu fi ẹ̀fẹ̀ tó korò bẹnu àtẹ́ lu òwò náà lọ́dún 1748. Rousseau sọ lọ́dún 1762 pé ohun tó ń jẹ́ ẹ̀tọ́ àti ohun tó ń jẹ́ ẹrú kò lè gbé pọ̀, àmọ́ ará Yúróòpù tí ọba ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn tó wà lóko ìrèké kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ìrònú rẹ̀. Condorcet rò nípa tiwọn ní tòótọ́, ó sì kọ ìwé nítorí wọn lọ́dún 1781, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tó gbà wá ni pé kí wọ́n máa tú wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú ìwé ńlá tí Raynal kó jọ lórí òwò àwọn ará Yúróòpù ní ilẹ̀ òkèèrè, èyí tí Diderot lọ́wọ́ nínú rẹ̀, la ti rí ìkìlọ̀ tó le jù: pé aláwọ̀ dúdú kan ń bọ̀ tí yóò kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí tó ronú pé ẹrú fúnra rẹ̀ lè jẹ́ òǹkàwé òun.

Saint-Domingue sì kúrò ní kékeré. Apá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù Hispaniola ni, ibẹ̀ sì ni nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ṣúgà tí Yúróòpù ń jẹ ti ń wá, àti èyí tó lé ní ìdajì kọfí tí wọ́n ń mu. Òyìnbó ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 30,000 sí 40,000 lọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tó jẹ́ àdàlù ẹ̀jẹ̀ tó ti gbòmìnira fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wọn níye. Nínú ẹrú mẹ́ta, a máa tó méjì tí Áfíríkà bí: ọmọ Kóńgò, ọmọ Allada, àti àwọn tí àwọn tó ń tà wọ́n kọ sílẹ̀ ní Nagô, ìyẹn àwọn tó ń sọ èdè Yorùbá. Ìdí tí wọ́n fi ń kó ẹlòmíràn wá lọ́dọọdún ni pé àwọn tó wà níbẹ̀ ń kú ju bí wọ́n ṣe ń bímọ lọ. Òfin tí ọba Louis Kẹrìnlá ṣe lọ́dún 1685 ni wọ́n fi ń ṣàkóso wọn. Ìwé òfin náà ka ẹrú mọ́ ẹrù ilé. Ẹrú tó bá sá fún oṣù kan, wọn á gé e ní etí méjèèjì, wọn á sì fi irin gbígbóná sàmì òdòdó ọba Faransé sí èjìká rẹ̀. Tó bá tún sá, wọn á gé iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà kẹta, ikú ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó dìgbà tí ẹrú bá ka Rousseau kó tó mọ̀ pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ, kó ka òfin yẹn.

Ìkéde 1789 fúnra rẹ̀ ní ojú méjì. Abala kìn-ín-ní sọ pé ènìyàn dọ́gba. Abala kẹtàdínlógún sọ pé ohun ìní jẹ́ ohun mímọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìsan owó rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ka ènìyàn mọ́ ẹrù ilé, abala méjèèjì ń gbógun ti ara wọn, àwọn olóko sì mọ èyí tó máa ṣe wọ́n láǹfààní. Kó tiẹ̀ tó di pé wọ́n kọ Ìkéde náà ni àwọn olóko ti béèrè ìjókòó nílé ìgbìmọ̀, tí wọ́n sì ka àwọn ẹrú wọn mọ́ iye ènìyàn tí wọ́n ń ṣojú fún. Mirabeau, ọ̀kan nínú àwọn aṣojú nílé ìgbìmọ̀ náà, dá wọn lóhùn pé bí ẹrú bá jẹ́ ènìyàn, kí wọ́n jẹ́ kó dìbò. Bí wọ́n bá sì jẹ́ ohun ọ̀sìn, kò sẹ́ni tó tíì ka ẹṣin àti ìbaaka Faransé mọ́ iye ènìyàn tó ń yan aṣojú. Síbẹ̀, wọ́n fún àwọn olóko ní ìjókòó mẹ́fà. Àwọn ọlọ́rọ̀ tó jẹ́ àdàlù ẹ̀jẹ̀ náà wá béèrè tiwọn. Vincent Ogé, tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn, kó ìbọn jọ ní òpin ọdún 1790, ṣùgbọ́n ó ṣọ́ra láti sọ fún àwọn aláṣẹ pé òun ò bá ti ẹrú wá. Ìṣọ́ra yẹn ò gbà á. Ní oṣù Kejì ọdún 1791, wọ́n de òun àti Chavannes, ẹnikejì rẹ̀ nínú ọ̀tẹ̀ náà, mọ́ àgbá kẹ̀kẹ́ ní gbàgede ìlú Le Cap, wọ́n sì fi irin fọ́ eegun wọn títí ẹ̀mí fi bọ́. Àwọn tí wọ́n pa Ogé kò mọ̀ pé àwọn ń kọ́ ẹrú lẹ́kọ̀ọ́: ẹni tó bá béèrè ìdajì ẹ̀tọ́, ikú kan náà ni yóò kú.

Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 1791, iná sọ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àríwá. Àwọn olórí ti pàdé ṣáájú, wọ́n ti mulẹ̀ nínú igbó tí wọ́n ń pè ní Bois Caïman, Boukman sì wà níwájú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún oko ìrèké àti kọfí ti di eérú. Ibí yìí làwọn tó ní ọ̀rọ̀ ìwé ò kàn án ti lágbára jù lọ. Wọ́n ní ìmùlẹ̀ ni, kì í ṣe ìwé. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn jagunjagun ò gbọ́ Faransé, ká má tiẹ̀ sọ pé kí wọ́n kà á. Wọ́n ní ọba gan-an ni wọ́n ń dárúkọ, torí nínú ìpàdé tí wọ́n ṣe ṣáájú ogun náà, wọ́n ka ìwé kan tí wọ́n ní ọba kọ, pé ó ti fún ẹrú ní ọjọ́ mẹ́ta ìsinmi lọ́sẹ̀, àwọn olóko ló fi pamọ́. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú àhesọ yẹn dáadáa: àwọn ènìyàn tí òfin kà mọ́ ẹrù ń sọ pé òfin kan wà tó fún wọn ní nǹkan, ẹnì kan ló sì jí i lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn yàtọ̀ sí kí ènìyàn máa bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Ariwo tó ń ti Paris bọ̀, lẹ́nu àwọn atukọ̀, àwọn sójà àti àwọn olóko fúnra wọn tí wọ́n ń jiyàn nídìí tábìlì níṣojú àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún wọn, ló jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé gbà gbọ́.

Òyìnbó kan tó bá wọn jagun náà fi àpèjúwe kan sílẹ̀ tó ṣe pàtàkì ju àríyànjiyàn lọ. Wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́tẹ̀, wọ́n yìnbọn pa á, wọ́n tú ara rẹ̀. Nínú àpò rẹ̀ kan, ìwé ìléwọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní Faransé, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kún inú rẹ̀. Nínú àpò kejì, ohun tí wọ́n fi ń dáná sun oko. Láyà rẹ̀, ońdè kan, àpò kékeré tí wọ́n di irun, ewé àti èérún egungun sí. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bóyá ọkùnrin náà mọ̀wé kà, bóyá kò mọ̀ ọ́n, kò ṣe nǹkan kan: ìwé tí ènìyàn bá gbé wọ ogun pẹ̀lú ońdè, ó ti gbà pé agbára wà nínú rẹ̀. Àwọn òpìtàn tó ń ya ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára ońdè ń ya ohun tí ọkùnrin yẹn kò yà.

Síbẹ̀, bí a bá dúró ní 1791, ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ò tíì ṣiṣẹ́ kankan máa jàre. Ní òpin ọdún yẹn, Jean-François àti Biassou, àwọn ọ̀gágun tó gba ipò Boukman lẹ́yìn tí wọ́n pa á, ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó pé bí wọ́n bá lè fún àwọn ọgọ́rùn-ún mélòó kan nínú àwọn olórí lómìnira, àwọn á kó ọ̀pọ̀ yòókù padà sóko. Àwọn òyìnbó fi ìgbéraga kọ̀ ọ́. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ní Jàmáíkà lọ́dún 1739, àwọn tó sá wọ igbó bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣàdéhùn òmìnira tiwọn, wọ́n sì gbà láti máa mú ẹrú tó bá tún sá padà fún olówó rẹ̀. Macaya, ọ̀gágun ọmọ Kóńgò, sọ lọ́dún 1793 pé ọba mẹ́ta lòun ń sìn, ti Kóńgò, ti Faransé àti ti Sípéènì. Òmìnira ẹni kan tàbí ti agbo kan ni gbogbo ọ̀tẹ̀ ẹrú láti ayé Romu ti ń wá. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni kí ẹnì kan sọ pé ẹrú kan ò gbọdọ̀ ṣẹ́kù. Láti ìpèsè oṣù Kejìlá ọdún 1791 dé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1793, a rí bí ìbéèrè náà ṣe gbòòrò, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ẹ̀rí mi wà.

Sonthonax, agbẹjọ́rò tí Faransé rán wá gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba, bá ara rẹ̀ nínú ìṣòro ní oṣù Kẹfà ọdún 1793. Àwọn òyìnbó fúnra wọn ti dìtẹ̀ sí i, Le Cap ti jóná, Sípéènì ń bọ̀ láti ìlà oòrùn, Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀ lójú òkun. Ó kéde òmìnira fún ẹrú tó bá gba ìbọn láti gbèjà Faransé. Àwọn tó gba ìbọn béèrè ìyàwó àti ọmọ wọn. Ní oṣù Keje, ó ní obìnrin tó bá fẹ́ ọkọ tó ti gbòmìnira, òun náà ti bọ́. Kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, ó kéde pé gbogbo ẹrú tó wà ní àríwá ti di òmìnira, ó fi Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Faransé àti ní Kreyòl kí oko lè gbọ́. Àwọn kan á ní ojú ogun ló kọ́ Sonthonax, kì í ṣe ìwé. Ojú ogun ló jẹ́ kó ṣe é lákòókò yẹn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ló dojú kọ Sípéènì àti Gẹ̀ẹ́sì lórí erékùṣù kan náà, wọ́n nílò jagunjagun dúdú bíi tirẹ̀, wọ́n sì dá wọn lóhùn bí ọba ṣe ń dáni lóhùn: òmìnira fún ẹni tó bá gbébọn, oko fún àwọn tó kù. Ohun tí Sonthonax ní tí àwọn yòókù ò ní ni gbólóhùn kan tí ìjọba rẹ̀ ti fọwọ́ sí, tí kò ṣeé gé sí méjì nígbà tí ẹni tó mú ìbọn bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Àwọn ará Saint-Domingue gbé ìbéèrè náà dé Paris fúnra wọn. Aṣojú mẹ́ta ni wọ́n rán, òyìnbó kan, àdàlù ẹ̀jẹ̀ kan, àti Jean-Baptiste Belley, ọmọ Senegal tí wọ́n kó wá ní kékeré, tó ra ara rẹ̀ padà, tó sì di ọ̀gágun. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1794, ilé ìgbìmọ̀ fòpin sí oko ẹrú ní gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé, láìsan kọ́bọ̀ fún olówó ẹrú kankan. Lọ́dún 1797, Girodet ya Belley nínú aṣọ aṣòfin rẹ̀, ó fara ti ère orí Raynal. Raynal jẹ́ òkúta funfun tí ojú rẹ̀ ò ríran. Belley ló ń wo ọ̀ọ́kán. Mi ò mọ àwòrán mìíràn tó fi ipò àwọn méjèèjì hàn tó bẹ́ẹ̀.

Toussaint Louverture, ọ̀gágun dúdú tó wá ń ṣàkóso Saint-Domingue, ló le jù láti ṣàlàyé. Ọmọ rẹ̀ Isaac kọ ọ́ pé láti ilé ọba Allada ni baba Toussaint ti wá, nílẹ̀ tó ń jẹ́ Benin lónìí. Òun náà ti gba òmìnira kó tó di pé ogun dé, ó sì ti lo ẹrú rí. Ìwé òfin tó ṣe lọ́dún 1801 sọ pé ẹrú ò lè sí ní Saint-Domingue, pé gbogbo ènìyàn la bí lómìnira. Ọwọ́ kan náà ló fi kọ òfin pé àgbẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò lóko tí wọ́n bá a, tó fi sójà ṣọ́ wọn, tó sì fi ara rẹ̀ jẹ gómìnà títí ọjọ́ ikú. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ àríwá dìde ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ó ní kí wọ́n yìnbọn pa Moyse, ẹni tó ń pè ní ọmọ ẹ̀gbọ́n, torí pé wọ́n ní ó wà lẹ́yìn wọn. Ó rò pé láìsí ṣúgà kò ní sí owó ìbọn, láìsí ìbọn oko ẹrú á padà. Ó ṣeé ṣe kó jàre nínú ìṣirò yẹn. Àmọ́ àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn gbọ́ ọ̀rọ̀ òmìnira yé wọn ju bí òun ṣe fẹ́ kó yé wọn lọ: ilẹ̀ tiwọn, iṣẹ́ tiwọn, kí ẹnikẹ́ni má lu agogo fún wọn. Ohun tí Toussaint ṣe fún wọn ni Versailles ti ṣe fún òun. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ò ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó lò ó lánàá lè di ẹni tí wọ́n ń lò ó ta kò lọ́la.

Ní òpin ọdún 1801, Bonaparte, tó ti di olórí Faransé, rán ọkọ àbúrò rẹ̀, Leclerc, pẹ̀lú sójà tó lé ní 20,000 láti gba erékùṣù náà padà. Ní odi Crête-à-Pierrot, àwọn sójà Faransé tó yí odi ká gbọ́ orin ìyípadà Faransé tí àwọn dúdú ń kọ láti inú lọ́hùn-ún. Pamphile de Lacroix, ọ̀gágun tó wà níbẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn sójà òun ń wo àwọn ọ̀gá wọn lójú bí ẹni tó ń béèrè bóyá àwọn ọlọ́tẹ̀ ló jàre. Wọ́n tan Toussaint, wọ́n mú un, ó sì kú nínú òtútù ẹ̀wọ̀n Fort de Joux ní oṣù Kẹrin ọdún 1803. Ìròyìn tó wá láti Guadeloupe, erékùṣù mìíràn tó wà lábẹ́ Faransé, ló ba ti Leclerc jẹ́: wọ́n ti ń dá oko ẹrú padà níbẹ̀, Delgrès, olórí àwọn tó kọ̀ ọ́, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ti fi ẹ̀tù fọ́ ara wọn àti ilé tí wọ́n sá sí ní Matouba dípò kí wọ́n padà sínú rẹ̀. Àwọn ọ̀gágun dúdú tó ti ń bá Leclerc ṣiṣẹ́ fi í sílẹ̀. Ibà pọ́njú ló pa òun àti ẹgbàágbèje sójà rẹ̀, Dessalines, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun dúdú náà, ló ṣẹ́gun àwọn tó kù ní Vertières ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1803, ó sì kéde òmìnira Haítì ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1804. Láàárín oṣù mélòó kan, ó ní kí wọ́n pa àwọn Faransé tó ṣẹ́kù, àtobìnrin àtọmọdé. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ tó lè wẹ ìyẹn mọ́. Àwọn tó fi ń jiyàn pé ẹ̀tọ́ ò sí nínú ìtàn Haítì rárá gbọ́dọ̀ ka ìwé òfin 1805 náà: ọmọ Haítì, ohun yòówù kí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ó máa pè é, àwọn ará Poland àti Jámánì tí wọ́n dá sí sì wà lára wọn. Ó yani lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìgbìyànjú ni láti mú kí ìdọ́gba bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ìròyìn náà rìn. Ní Rio de Janeiro lọ́dún 1805, àwọn ẹ̀ṣọ́ dúdú so àwòrán Dessalines mọ́ ọrùn. Ní Havana lọ́dún 1812, wọ́n pa José Antonio Aponte, káfíńtà dúdú tó ní òmìnira, tó kó ìwé àwòrán jọ, tó sì ń fi àwòrán àwọn olórí Haítì han àwọn tó ń bá a gbìmọ̀. Mi ò ní sọ pé gbogbo ọ̀tẹ̀ ló ti Paris wá. Àwọn Nagô Mùsùlùmí tó dìde ní Salvador, ní Bahia, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1835, tírà tí wọ́n fi Lárúbáwá kọ ni wọ́n so mọ́ ara wọ ogun, kò sì sí ìwé Faransé nínú rẹ̀. Ní Haítì gan-an, agbo Nagô tí wọ́n ti ń sin Ogou, Ògún wa, ṣì wà nínú ẹ̀sìn ibẹ̀, Ogou náà sì wọṣọ ọ̀gágun. Ìgboyà kò dúró de ìwé.

Ìwé wà lọ́dọ̀ àwọn olóko náà, wọn ò sì gbàgbé abala kẹtàdínlógún wọn. Ní ọdún 1825, ọba Charles Kẹwàá fi ọkọ̀ ogun mẹ́rìnlá ránṣẹ́ sí Port-au-Prince pẹ̀lú ìwé kan: Faransé á gbà pé Haítì ti di òmìnira, bí Haítì bá san 150 mílíọ̀nù owó franc fún àwọn tó pàdánù ohun ìní wọn. Oko wà nínú ohun ìní náà, ènìyàn sì wà nínú rẹ̀. Boyer, ààrẹ Haítì, fọwọ́ sí i. Ilé ìfowópamọ́ Paris ni Haítì ti yá owó láti san èyí àkọ́kọ́, gbèsè sì gun orí gbèsè. Wọ́n dín in kù sí 90 mílíọ̀nù lọ́dún 1838, ṣùgbọ́n àwọn owó tí wọ́n yá nítorí rẹ̀ kò tán nílẹ̀ títí di 1947. Àwọn tó san án ni ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìṣirò àwọn olóko, lábẹ́ ìlà kan náà pẹ̀lú màlúù.